Dárúkọ Àwọn Tó Wà Nílé

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta, 2025

Àwọn tí a bí nínú ẹbí láti ìgbà tí ọdún ti yí: Bólúwadúró, ọkùnrin, ọmọ Ayọ̀dàmọ́lá, ní Ìbàdàn. Ọmọ́tóyọ̀sí náà bí obìnrin ní Èkó, wọn kò tíì sọ orúkọ ọmọ fún mi.

Àwọn tó ṣe ìgbéyàwó: Olúwaṣọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fẹ́ ọmọ Ìgbòho kan. Ìlọrin ni wọ́n ti ṣe é. Inú fóònù ni mo ti rí i.

Ẹni tó lọ: Olúwafọlákẹ́mi, ọmọ Akínyẹlé ọmọ mi, tí èmi fúnra mi tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Àjíkẹ́ ni mo máa ń pè é. Ó wọ bàálù lọ sí Dọ́blìn ní Áyálándì nínú oṣù kìn-ín-ní.

Nínú gbogbo èyí, kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ ní Ogbooro níbí.

Fọlákẹ́mi ló ra ìwé yìí fún mi kó tó lọ. Tíṣà Mọ́ládé tó ń kọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rí sínú rẹ̀, kí n fi òwe sílẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mí, inú òwe ni mo máa ń sá wọ̀. N kò bá a jiyàn. Yóò ṣòro fún mi.

Mo gbá yàrá mẹ́rin lónìí. Ọ̀kan ni mo ń sùn sí.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Ooru. Àwọn tó ń ra kajú dé láti Ṣakí, wọ́n ń ra kílò kan ní ₦1,500. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ₦1,650 ni. Mo ní kí wọ́n máa lọ ná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ronú pé ó yẹ kí n tà á, nítorí èmi nìkan ni mo máa sá a, tí mo máa kó o wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí ibi àpáta lẹ́yìn ilé ìwé Onítẹ̀bọmi. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kì í sábà já lórí fóònù. Fọlákẹ́mi pè bó ṣe máa ń pè.

"Màmá Àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Báwo ni ilé?"

"Ilé kún, Àjíkẹ́. Gbogbo wa wà dáadáa."

"Ọmọ Misturat ṣì ń sùn lọ́dọ̀ yín?"

"Ó wà níbẹ̀. Ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́."

Ọmọ Misturat, aládùúgbò mi, ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ṣakí láti oṣù kìn-ín-ní. Kí ni n bá tún wí? Ẹni tó wà lókè òkun, tí kò tíì mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò dúró lọ́wọ́ òun, kò yẹ kó máa ronú nípa ẹni tó ń fọ abọ́ mi.

Ọ́dítọ̀ ni Fọlákẹ́mi. Wọ́n máa ń lọ sí ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n á wò ó bóyá ohun tí àwọn yẹn kọ sínú ìwé wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ó ṣe é fún ọdún méjì ní Èkó, àwọn ará Dọ́blìn rí i, wọ́n sì gbà á. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdánwò ni. Bí oṣù kẹfà bá parí tí wọn kò fọwọ́ sí i, ìwé ìgbélùú rẹ̀ náà á parí, ó di ilé nìyẹn.

Misturat tó ń ṣe POS lójúde wa bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Màmá, ṣé àwọn òyìnbó ò mọ ìwé tiwọn kà ni, tí ọmọ Ogbooro fi ń lọ bá wọn kà á?" Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n kà, wọn ò kàn fọkàn tán ara wọn ni.

Lónìí, Fọlákẹ́mi sọ fún mi pé ọ̀gá òun obìnrin ní kí òun yéé pè é ní "mà". Ọ̀gá náà ní kó máa pe òun ní orúkọ. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún.

"Màmá, ahọ́n mi ń gan. Mo máa dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí á fi yíjú, kí n má bàa pè é."

Mo sọ fún un pé nígbà tí mo wọ ilé yìí ní ìyàwó, n kò gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣáájú mi ní orúkọ, títí kan ọmọ tó ń rákòrò. Mo fún gbogbo wọn lórúkọ tèmi. Jùmọ̀kẹ́, àbúrò ọkọ mi, ìlẹ̀kẹ̀ kún ìdí rẹ̀ nígbà yẹn, Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo sọ ọ́. Ó ti di ìyá àgbà ní Tẹ̀dé báyìí, Ìdílẹ̀kẹ̀ náà ni mo ṣì ń pè é.

"Ìwọ náà, fún ọ̀gá rẹ lórúkọ. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga, ó sì tín-ín-rín. Bó bá ń rìn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń gbé e."

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ìpè fi já. Mo jókòó sórí àpáta fún ìgbà díẹ̀ bóyá yóò tún pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Ìdílẹ̀kẹ̀ pè láti Tẹ̀dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kọ̀tọnú.

"Ìyàwó, ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀ nílé bàbá mi. Èmi nìkan níbí, ẹ̀yin nìkan lọ́hùn-ún, kí la ń ṣe?"

"Ta ló sọ fún yín pé èmi nìkan ni mo wà? Ilé kún, Ìdílẹ̀kẹ̀. Kò sí àyè."

Ó ní ó dáa.

N kò mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Bóyá nítorí pé bí ó bá dé, gbogbo ayé á mọ̀ pé àyè wà.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹta

Wọ́n ti sún aago wọn síwájú ní Dọ́blìn. Aago wa ti dọ́gba báyìí. Nígbà tí mo ń bu omi ìwẹ̀ láàárọ̀, mo mọ̀ pé aago mẹ́fà kan náà ló ń lù fún un. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Ó ṣí páànù méjì lórí ilé ewúrẹ́. Mo ta kajú tó kù ní ₦1,400 kí ó má bàa rẹ.

Fọlákẹ́mi pè lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ láti inú ìkíni rẹ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́.

Wọ́n rán an lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dà ìkunlé sí. Kó lọ ka ohun tó wà nílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, orí rẹ̀ funfun. Ó mú un yípo, ó ń ka nǹkan fún un. Nígbà tí wọ́n dé ibi àwọn páálí tó wà lókè, ó ní ọgọ́ta ni, wọ́n kún, òun ti kà wọ́n láàárọ̀. Fọlákẹ́mi ní, "Ẹ ṣeun sà," ó sì kọ ọgọ́ta. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn lọ síbẹ̀, ó sọ páálí kalẹ̀. Òfìfo ló pọ̀ jù nínú wọn.

"Kí ló dé tí o kò ṣí i?"

"Màmá, ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí. Ó ti kà á. Tí mo bá tún un kà lójú rẹ̀, kí ni mo ń pè é?"

Bàbá àgbà rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bó bá ka iṣu tán nínú abà tó ní ó pé, ta ló jẹ́ tún un kà? Bí ọmọdé bá tilẹ̀ ń kà á sínú, tí ẹnu rẹ̀ ń mì, igbá kan á bà á lẹ́yìn.

Wọn kò lé e. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ ìwé sí i pé ó gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n kò lè bi àgbàlagbà ní ìbéèrè, kì í sì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Wọ́n máa rán an lọ kà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù kẹfà. Èyí ni wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ó máa dúró.

"Màmá Àgbà, mo rò pé mo ń bọ̀ nílé."

Ohun kan nínú mi fò sókè pé kó máa bọ̀. Mo gbé e mì. Mo ní, "O kò bọ̀ níbì kankan."

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹrin

N kò gbọ́ ìwàásù. Mo ń ro ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo kọ́ ọ kò burú. Kó kúnlẹ̀ fún àgbà, kó má ja ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, kó má wo àgbà lójú kòró. Níbí, nítorí rẹ̀ ni gbogbo Ogbooro fi ń sọ pé ọmọ Màmá Akínyẹlé lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́hùn-ún, òun náà ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo se iṣu. Mo jẹ ègé kan, mo da ìyókù sílẹ̀ fún adìẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Kẹrin

Mo ti rí ohun tí a máa ṣe. Mo sọ fún un lónìí lórí àpáta.

"Láti òní lọ, èmi ni bàbá arúgbó yẹn. Ìwọ wá yẹ̀ mí wò."

"Báwo, mà?"

"Èmi kì í ṣe mà. Àpọ́nlé lorúkọ mi. Igba iṣu ni mo ní nínú abà. Kọ ọ́ sílẹ̀ kí o máa lọ."

"Ẹ ṣeun mà."

"O ti fìdí rẹmi. Iṣu mi ò tó ogójì."

"Ṣé lóòótọ́, Màmá? Ṣé oúnjẹ ò tí ì tán nílé báyìí?"

"Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ là ń sọ. Tún un ṣe. Igba iṣu ni mo ní."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kà á?"

"Èmi ni. Ṣé irọ́ ni mo ń pa ni?"

"Rárá mà, ẹ má bínú mà."

"O tún fìdí rẹmi."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún, mo gbọ́ méjèèjì. Mo ní kó pe orúkọ mi bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pe orúkọ ara wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é."

"Pè é."

Ó pa fóònù. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà pé ẹnu òun kò gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kẹrin

Àjíǹde. Akínyẹlé ní òun kò lè wá láti Ìbàdàn, epo ọkọ̀ ti wọ́n jù. Mo se ìrẹsì bíi ti ọdún, mo gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ fún Misturat. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ń jẹun ṣá?" Mo ní ilé kún fún oúnjẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹrin

Ó pe orúkọ mi lónìí. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti ti fóònù mọ́ etí.

"Àpọ́nlé."

Ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Komu, kó tó kú. Ọkọ mi kò pè é rí. Ìyá Akínyẹlé ló ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ lórúkọ. Nínú rẹ́jísítà ní kíláàsì, Àpọ́nlé ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n bí Tíṣà bá dé orí rẹ̀, Màmá Akínyẹlé náà ló máa ń kà. Gbogbo ẹni tó dàgbà tó láti pe orúkọ mi ti lọ tán, n kò sì mọ ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn nínú wọn lọ.

"Màmá Àgbà? Ẹ ti bínú?"

"Rárá," mo ní. "Tún un pè."

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Karùn-ún

A gbin àgbàdo. Alágbàṣe gba ₦6,000 fún ọ̀sán kan, ó sì jẹun lé e. Inú mi dùn pé ó jẹun, ó pẹ́ tí mo ti se oúnjẹ tí ẹlòmíràn jẹ lójú mi. Èso igi òrí ti ń já bọ́. Mo ṣa agbọ̀n kan.

Fọlákẹ́mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Ó ti ń mọ̀ ọ́n ṣe.

"Àpọ́nlé, iṣu mélòó lo ní?"

"Ọgọ́jọ."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni mo kà á, kí wọ́n tó bí bàbá ẹ."

"Iṣu yẹn á ti jẹrà. Ìgbà wo lo kà á kẹ́yìn?"

"Àná."

"Mo fẹ́ rí i."

"Ojú ẹ ti là jù. Ta ló tọ́ ẹ?"

"Ìwọ ni, Àpọ́nlé. Ṣí abà."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé ìwé dúró, wọ́n ń wò mí. Bí a bá ti parí báyìí, ó máa ń sáré kí mi pẹ̀lú mà mélòó kan léraléra, bí ẹni ń san gbèsè.

Ó ní òun sọ̀rọ̀ ní ìpàdé lánàá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ó ní, "Mi ò gbà." Gbogbo wọn yíjú sí i, ó sì ní láti wá ohun tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Karùn-ún

Ìjọba ti gbé Tíṣà Mọ́ládé lọ sí Ìṣẹ́yìn. Kíláàsì dúró títí wọn á fi rán ẹlòmíràn wá. Nígbà tó ń dágbére, ó bi mí bóyá mo ṣì ń kọ ìwé mi. Mo ní mò ń kọ ọ́. Ó ní, "Láìsí òwe?" Mo ní kó má fojú di mí.

Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ní àṣálẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Misturat gbé ẹran wá, ó sì jókòó tì mí fún ìgbà pípẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ. Ó ní mo ti gbẹ. Mo ní oòrùn ni.

Ìdílẹ̀kẹ̀ tún pè láti Tẹ̀dé. Ó bi mí léèrè ilé. Mo ní ilé kún.

Ó ní, "Ó dáa, ìyàwó. Bí àyè bá yọ, ẹ ránṣẹ́ sí mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Òní ni wọ́n rán an lọ kà. N kò lọ sóko. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, mo fi láílọ́ọ̀nù borí, mo sì jókòó sí ibi àpáta. Kò pè.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹfà

Ó pè.

Ilé ìkẹ́rùsí mìíràn ni, ohun ìtọ́jú eyín ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ tún jẹ́ bàbá arúgbó, fìlà onírun wà lórí rẹ̀. Ó ní orúnkún òun fẹ́ kúnlẹ̀ nígbà tí bàbá náà na ọwọ́ sí òun, pé òun dì í mú ni. Wọ́n rìn yípo. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àwọn páálí tó wà lókè, bàbá ní òun ti kà wọ́n.

"Màmá, mo ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn yín tó ní, o ti fìdí rẹmi. Mo ní, ìgbà wo lẹ kà wọ́n? Ó ní ọjọ́ Ẹtì. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ̀ wọ́n kalẹ̀, mo fẹ́ ṣí wọn."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó wò mí. Ó pe ẹni tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù. A ṣí gbogbo wọn."

"Kí lẹ bá níbẹ̀?"

"Wọ́n kún, Màmá. Gbogbo wọn ló kún."

Ó ní ojú ti òun, òun sì ń bẹ bàbá náà. Bàbá bi í pé kí ló ń bẹ òun fún. Bàbá ní ẹni tó wá lọ́dún tó kọjá kò tilẹ̀ gbójú sókè wo páálí, pé inú òun dùn pé ẹnì kan fẹ́ rí iṣẹ́ òun. Ó po tíì fún un. Wọ́n jókòó lórí páálí, wọ́n mu ún.

Mo rò ó títí mo fi délé. Ó béèrè, bàbá náà kò sì di òpùrọ́ nítorí rẹ̀. Tíì ló bu fún un.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pe òun wọlé, pé bàbá onífìlà ti kọ ìwé sí wọn nípa òun. Òun pè é lórúkọ, ahọ́n òun kò sì gan. Nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n máa rán an lọ sí Họ́láńdì fún iṣẹ́ ńlá kan. Kò ní lè wálé ní Kérésìmesì. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà iṣu tuntun.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lóhùn rara. Àpáta gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ ni mo rí gbà, ó sì wúwo lọ́wọ́ mi.

"Inú gbogbo wa dùn, Àjíkẹ́. Ijó là ń jó nílé."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

"Àpọ́nlé, dárúkọ àwọn tó wà nílé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní eré ti parí, wọ́n ti fọwọ́ sí i.

"Dárúkọ wọn."

"Misturat."

"Misturat ní ilé tirẹ̀."

"Ọmọ rẹ̀."

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn. "Ó wà nílé ẹ̀kọ́, ní Ṣakí."

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kìn-ín-ní."

"Ta ló kù?"

Mo dárúkọ adìẹ. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ rí i. Ya fọ́tò gbogbo yàrá. Fi ránṣẹ́ lọ́la."

Mo wá gbọ́ tó mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì padà di ti ọmọ tí mo tọ́. "Ẹ má bínú, mà."

Mo bi í bóyá òun náà ní ẹni tó ń jókòó tì í lọ́hùn-ún. Ó ní rárá. Ó ní bí òun bá délé lọ́jọ́ Ẹtì, ohùn òun kì í tún jáde títí di ọjọ́ Ajé, àfi tí òun bá pè mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Keje

Mo yà wọ́n.

Yàrá Akínyẹlé: àpò kajú òfìfo lórí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá Fọlákẹ́mi: àwọn ìwé rẹ̀, àti bàtà ilé ìwé tí n kò jẹ́ kí wọ́n dà nù. Yàrá àlejò: agbọ̀n èso òrí. Yàrá mi. Ilé ìdáná: abọ́ kan, ṣíbí kan, lórí pẹpẹ igi.

Pálọ̀ ni mo yà kẹ́yìn. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní eruku. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí àfi ìgbà tí mo wò ó nínú fóònù. Mo fẹ́ lọ mú àkísà kí n nù wọ́n kí n tó tún un yà. Mo mú àkísà náà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn páálí, mo sì fi í ránṣẹ́ bó ṣe wà.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé nígbà tí mo dé ibi àpáta. Ó kọ ọ́ ní Yorùbá kí n lè kà á fúnra mi.

"Mo ti rí i, Màmá Àgbà. Ta ni yóò jókòó lórí àga kejì?"

Kò kọ nǹkan mìíràn sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Keje

Mo pe Tẹ̀dé láàárọ̀.

"Ìdílẹ̀kẹ̀."

"Ìyàwó. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Àyè ti yọ."

"Báwo ni àyè náà ṣe tó?"

"Ẹ wá kà á fúnra yín."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ó ní òun ní ewúrẹ́ méjì tí òun kò lè fi sílẹ̀, ìkòkò irin ńlá kan, àti bẹ́ẹ̀dì. Mo ní bẹ́ẹ̀dì wà níbí, kó máa kó ìyókù bọ̀. Ó ní òun kì í jẹ iyán tí wọn kò gún dáadáa. Mo ní ó pẹ́ tí mo ti gún un, nítorí ẹnì kan kì í gún iyán fún ara rẹ̀ nìkan, kó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ odó kó máa wò mí.

Mo kó èso òrí kúrò ní yàrá àlejò. Mo nu àga kejì. Mo rìn lọ sọ́dọ̀ Misturat, mo ní kó bá mi fi owó ránṣẹ́ sí Jùmọ̀kẹ́, ìyẹn Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó bi mí léèrè orúkọ ẹni tó ń fi í ránṣẹ́. Mo ní kó kọ Àpọ́nlé.

Ọkọ̀ láti Tẹ̀dé dé Ṣakí, láti Ṣakí dé Ogbooro, òun, ìkòkò rẹ̀ àti ewúrẹ́ méjì: ₦12,000.